Ọkàn Mi Ò Balẹ̀: Ìbéèrè àti Ìdáhùn Lórí Ìbẹ̀rù àti Àlàáfíà Kristi

Ó ti tó ọdún mélòó kan tí mo ti ń jókòó lẹ́yìn ìsìn Ọjọ́rú ní ìjọ wa ní Òkè-Baálẹ̀, níhìn-ín ní Òṣogbo, láti gbọ́ ohun tó wà lọ́kàn àwọn èèyàn. Ọlọ́jà ń bẹ nínú wọn, awakọ̀ ń bẹ, òṣìṣẹ́ fẹ̀yìntì ń bẹ, akẹ́kọ̀ọ́ ń bẹ. Ẹjọ́ kálukú yàtọ̀, ṣùgbọ́n ibì kan náà ni gbogbo wọn ti ń bẹ̀rẹ̀: "Ọkàn mi ò balẹ̀." Ìbéèrè tí wọ́n ń bi mí léraléra ni mo kó jọ síbí. Èmi kì í ṣe pásítọ̀, olùkọ́ Sọ́ńdè Sùkúù ni mí. Ohun tí mo rí kà nínú Bíbélì àti ohun tí ojú mi ti rí ni mo fi dáhùn.

Mo ti gba Jésù, kí ló dé tí ẹ̀rù ṣì ń bà mí? Ṣé ìgbàgbọ́ mi ni kò tó?

Ìbéèrè yìí ni mo ń gbọ́ jù, omijé sì sábà máa ń tẹ̀ lé e. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ẹrù yìí kalẹ̀ lórí yín: ẹ̀rù tó ń bà yín kò sọ yín di aláìgbàgbọ́. Nígbà tí àwọn Filísínì mú Dáfídì ní Gátì, ohun tó kọ sínú Orin 56 ni pé, "Ní ọjọ́ tí ẹ̀rù bá ń bà mí, èmi ó gbẹ́kẹ̀ lé ọ." Kò ní ẹ̀rù kì í ba òun. Ó mọ̀ pé ọjọ́ ẹ̀rù ń bẹ, ó sì mọ ẹni tí òun máa sá tọ̀ lọ́jọ́ náà. Pọ́ọ̀lù tí gbogbo wa ń pè ní akọni kọ̀wé sí àwọn ará Kọ́ríńtì pé nígbà tí àwọn dé Makedóníà, ara àwọn kò ní ìsinmi rárá: ìjà lóde, ẹ̀rù nínú. Olúwa wa fúnra rẹ̀ sọ ní Gẹtisémánì pé ọkàn òun bàjẹ́ gidigidi títí dé ikú, ó sì bẹ àwọn ọmọ ẹ̀yìn pé kí wọ́n bá òun ṣọ́nà. Ta ló máa wá sọ pé ìgbàgbọ́ Jésù kò tó?

Ọlọ́run ló dá ẹ̀rù mọ́ wa. Ẹni tí ẹ̀rù ọkọ̀ àjàgbé ò bà ní oríta Ọláìyá, ara rẹ̀ ló ń fi ṣeré. Bí ọdẹ ẹnu géètì ni ẹ̀rù rí: iṣẹ́ rẹ̀ ni kó fọn fèrè bí olè bá ń bọ̀. Ìgbà tí ọdẹ bá fi ẹnu géètì sílẹ̀, tó wọ yàrá, tó gba bẹ́ẹ̀dì, tó wá ń fọn fèrè láti àṣálẹ́ títí ilẹ̀ fi mọ́, ìgbà yẹn ni wàhálà dé. Kristi ò wá lé ọdẹ náà kúrò lẹ́nu iṣẹ́. Ó wá dá a padà sẹ́nu géètì ni.

Kí gan-an ni Jésù ń pè ní àlàáfíà?

Ẹ wo ọ̀rọ̀ náà fúnra rẹ̀ ná. Ọ̀dọ̀ àwọn Lárúbáwá ni "àlàáfíà" ti rìn dé èdè wa, ara líle àti ìlera ni ìpìlẹ̀ rẹ̀. Ìdí nìyẹn tí a fi ń kí ara wa pé "Ṣé àlàáfíà ni?" tí ẹni tí ara rẹ̀ yá á sì dáhùn pé "Àlàáfíà ni." Ọ̀rọ̀ yìí náà ló wà nínú Bíbélì Yorùbá tí Bíṣọ́ọ̀bù Àjàyí Crowther àti àwọn tó bá a ṣiṣẹ́ túmọ̀, èyí tí odindi rẹ̀ jáde ní 1884. Mo fẹ́ràn rẹ̀ bẹ́ẹ̀. Tí Jésù bá ní òun fi àlàáfíà sílẹ̀ fún wa, etí Yorùbá ò gbọ́ ọ bí ẹni pé ibi dákẹ́ rọ́rọ́ kan ló ń sọ. Ohun tó gbọ́ ni pé ara, ọkàn, ilé àti ọ̀nà ẹni náà pé.

Ẹ tún wo alẹ́ tó sọ ọ́. Jòhánù 14:27 ni: "Àlàáfíà ni mo fi sílẹ̀ fún yín, àlàáfíà mi ni mo fi fún yín, kì í ṣe gẹ́gẹ́ bí ayé ti í fi fún ni." Alẹ́ tí Júdásì ti jáde lọ pe àwọn ọlọ́pàá tẹ́ńpìlì ni. Kí ilẹ̀ tó mọ́, wọ́n á ti dè é. Bí ayé ṣe ń fún ni ní àlàáfíà ni pé kí owó wà ní báǹkì, kí ara le, kí àwọn ọmọ ti wọlé, kí géètì wà ní títì. Gbogbo rẹ̀ dára, mo ń gbàdúrà fún un lójoojúmọ́, ṣùgbọ́n ọ̀kan ṣoṣo tó bá yẹ̀ nínú wọn, àlàáfíà náà ti lọ. Èyí tí Jésù ń fún ni, inú ewu ló ti fún ni, torí òun alára ni àlàáfíà náà.

Tí Jésù bá wà nínú ọkọ̀ mi, kí ló dé tí ìjì ṣì ń jà?

Máàkù orí 4. Ẹ padà lọ kà á, kí ẹ wá kíyè sí ẹni tó kọ́kọ́ ní kí wọ́n rékọjá sí òdìkejì. Jésù ni. Wọn ò ṣẹ̀, wọn ò ṣìnà, ìgbọ́ràn ló gbé wọn dé ojú omi. Apẹja sì wà nínú wọn, àwọn tó mọ adágún yẹn bí ẹni mọ ẹ̀yìnkùlé bàbá rẹ̀. Tí apẹja bá ké pé àwọn ń kú lọ, ìjì náà kì í ṣe kékeré. Jésù sì ń sùn nídìí ọkọ̀, orí rẹ̀ wà lórí ìrọ̀rí.

Ohun tí wọ́n sọ nígbà tí wọ́n jí i ló máa ń gún mi lọ́kàn. Wọn ò ní "Gbà wá" nínú ìtàn bí Máàkù ṣe kọ ọ́. Wọ́n ní, "Olùkọ́ni, ìwọ kò bìkítà bí àwa ṣègbé?" Ibẹ̀ gan-an ni ẹ̀rù ti ń bá wa jà. Bí owó ilé ìwé bá délẹ̀ tí kò sí owó, ìyà àìlówó kì í dun èèyàn tó èrò tó ń sọ sí i létí pé Ọlọ́run ò bìkítà. Jésù dìde, ó bá ìjì wí, ó sì bi wọ́n léèrè ìgbàgbọ́ wọn. Ṣùgbọ́n kò bọ́ sílẹ̀ nínú ọkọ̀ wọn nítorí ìbéèrè burúkú tí wọ́n bi í.

Mi ò ní tàn yín o. Kì í ṣe gbogbo ìjì ló ń dákẹ́ bẹ́ẹ̀. Nínú Ìṣe Àwọn Àpọ́sítélì orí 12, Hẹ́rọ́dù fi idà pa Jákọ́bù arákùnrin Jòhánù. Ó tún mú Pétérù, áńgẹ́lì sì wá tú Pétérù sílẹ̀ lóru. Ìjọ kan náà, ọba kan náà. Ọ̀kan kú, ọ̀kan yè. Mi ò mọ ìdí, Bíbélì ò sì sọ ọ́. Ohun tí Bíbélì sọ ni pé lóru tí ilẹ̀ rẹ̀ máa mọ́ tí wọ́n máa mú Pétérù jáde, wọ́n fi ẹ̀wọ̀n méjì dè é, ó wà láàárín ọmọ ogun méjì, ó sì ń sùn. Áńgẹ́lì náà ní láti lù ú lẹ́gbẹ̀ẹ́ kó tó jí. Pétérù ò mọ̀ pé áńgẹ́lì ń bọ̀ nígbà tó sùn. Bí òun náà bá máa kú bíi Jákọ́bù ni, ó sùn.

Wòlíì kan ní òun rí ikú nípa mi. Láti ọjọ́ náà ni mi ò ti lè jẹun. Kí ni kí n ṣe?

Ọ̀rọ̀ yìí dùn mí, torí ó ti wọ ilé wa rí. Wọ́n ríran sí ẹ̀gbọ́n mi obìnrin kan. Wọ́n ní kó gba ààwẹ̀ ọjọ́ méje láìfẹnu kan omi lọ́sàn-án, kó sì mú owó wá fún ètùtù tí wọ́n sọ ní orúkọ mìíràn. Ẹlẹ́jẹ̀ ríru ni. Ó ta aṣọ òkè rẹ̀ méjì, ó dá oògùn rẹ̀ dúró, ní ọjọ́ kẹrin ló ṣubú lulẹ̀. Ọlọ́run yọ ọ́, ṣùgbọ́n ó tó oṣù mẹ́ta kó tó lè rìn láìdi nǹkan mú. Ìran ikú yẹn fẹ́rẹ̀ẹ́ mú ara rẹ̀ ṣẹ.

Mo gbà pé Ọlọ́run ń sọ̀rọ̀. Ẹ fi ti Ágábù wọ̀n ọ́n. Nínú Ìṣe Àwọn Àpọ́sítélì orí 21, ó fi àmùrè Pọ́ọ̀lù de ọwọ́ àti ẹsẹ̀ ara rẹ̀, ó ní báyìí ni wọn yóò ṣe dè é ní Jerúsálẹ́mù. Ìran náà ṣẹ. Ṣùgbọ́n Ágábù ò gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ Pọ́ọ̀lù, kò tà á ní àbẹ́là, kò ní kó máa padà wá lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀. Pọ́ọ̀lù gbọ́, àwọn ará sunkún, ṣùgbọ́n òun bá ọ̀nà rẹ̀ lọ. Ìran tó bá so yín mọ́ ẹsẹ̀ aríran, tí ẹ ò lè sinmi àfi tí ẹ bá dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, ẹ fura sí i. Pọ́ọ̀lù sọ fún Tìmótíù pé Ọlọ́run kò fún wa ní ẹ̀mí ìbẹ̀rù, bí kò ṣe ti agbára, àti ti ìfẹ́, àti ti ọkàn tí ó yè kooro. Ọkàn tí ó yè kooro! Ẹ bi ara yín bóyá ọkàn yín yè kooro nígbà tí ẹ ń jáde níbẹ̀.

Ohun tí ẹ máa ṣe rèé: ẹ wá àgbà onígbàgbọ́ méjì tí wọn ò ní èrè kankan nínú ọ̀rọ̀ náà, ẹ sọ fún wọn, kí wọ́n bá yín gbàdúrà. Ẹ jẹun. Ẹ lo oògùn yín.

Àwọn ọ̀tá ilé ńkọ́? Àlá burúkú ńkọ́?

Mi ò ní sọ pé kò sí ibi. Ẹni tó dàgbà nílẹ̀ Yorùbá tó ní kò sí, ẹnu lásán ló fi ń sọ ọ́. Ìgbàgbọ́ wa ní ibi ń bẹ, a sì ti ṣẹ́gun rẹ̀: Kólósè 2:15 ní Kristi ti bọ́ àwọn alágbára wọ̀nyí láṣọ, ó sì ti dójú tì wọ́n ní gbangba.

Ní 1930, nígbà ìsọjí Òkè-Òóyè ní Iléṣà, ogunlọ́gọ̀ èèyàn rọ́ tọ Joseph Ayọ̀ Babalọlá, ọkùnrin tó ti ń wa ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń tẹ ojú ọ̀nà kí Ọlọ́run tó pè é ní 1928. Ẹ̀dẹ, ìtòsí wa níhìn-ín, ló kú sí ní 1959. Àwọn èèyàn kó ońdè àti ìgbàdí wọn wá fún un, wọ́n sun wọ́n. Ohun tí wọ́n ti fi ọdún gbọọrọ gbára lé torí ìbẹ̀rù ni wọ́n ń jù síná yẹn. Ohun tó ń bà mí nínú jẹ́ ni pé àwa ọmọ-ọmọ wọn tún ti padà ń fi orúkọ Jésù so ońdè mìíràn. Àdúrà wákàtí mẹ́ta lórí ọ̀tá, ìṣẹ́jú mẹ́ta lórí Kristi. Ẹni tó bá gbàdúrà bẹ́ẹ̀, ọ̀tá ló máa kún ojú rẹ̀ tó bá dìde.

Ìbẹ̀rù yìí sì ń tú ilé. Ìyá tó tọ́ èèyàn dàgbà di àjẹ́ torí pé ó farahàn lójú àlá. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi àlá dá ẹjọ́ ẹnikẹ́ni. Bí àlá bá jí yín, ẹ pe orúkọ Jésù, ẹ fà á lé e lọ́wọ́, nígbà tí ilẹ̀ bá sì mọ́, ẹ lọ kí ìyá yín.

Ṣé kí n máa ka Orin Dáfídì 91 sínú omi, tàbí kí n fi Bíbélì sábẹ́ ìrọ̀rí?

Àwọn bàbá tó kọ́ wa ládùúrà ṣe é, mi ò ní bú wọn. Ṣùgbọ́n ẹ rántí pé Èṣù pàápàá mọ Orin 91 lórí: òun ló kà fún Jésù lórí ṣóńṣó tẹ́ńpìlì, pé kó bẹ́ sílẹ̀, àwọn áńgẹ́lì á gbé e. Jésù kọ̀. Ẹ ka orin náà sínú ọkàn yín, ibẹ̀ ni òùngbẹ wà.

Òótọ́ ni pé "Má bẹ̀rù" wà nínú Bíbélì nígbà 365, ọ̀kan fún ọjọ́ kan?

Rárá. Ọ̀rọ̀ orí pẹpẹ ni, ẹni tó bá fara balẹ̀ kà á kò ní rí iye yẹn. Ó wà níbẹ̀ lọ́pọ̀ ìgbà, ẹyọ kan tó bá bọ́ sí ọjọ́ tiyín ti tó.

Ọmọ mi máa ń rìnrìn àjò. Ọ̀rọ̀ àwọn ajínigbé ò jẹ́ kí n sùn.

Ẹ ò jẹ̀bi, ohun tí a ń gbọ́ ò ṣeé gbọ́ lẹ́ẹ̀mejì. Ẹ ka Nehemáyà 4:9: "A gbàdúrà sí Ọlọ́run wa, a sì yan ìṣọ́." Méjèèjì nínú ẹsẹ kan ṣoṣo. Kí ọmọ rìn lójú ọjọ́. Kó wọ ọkọ̀ nínú gáréèjì, kó má wọ ti ẹ̀bá ọ̀nà nítorí pé ó fi igba náírà dín. Kó fi nọ́ńbà ọkọ̀ ránṣẹ́ sílé. Kò dín ìgbàgbọ́ kù rárá.

Ìyókù wà lọ́wọ́ ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà nílé. Gbogbo ohùn tí wọ́n ń fi ránṣẹ́ lórí WhatsApp, pé "wọ́n ti dí ọ̀nà báyìí báyìí," kì í ṣe gbogbo rẹ̀ ló ṣẹlẹ̀, kì í sì ṣe gbogbo rẹ̀ ló ṣẹlẹ̀ lónìí. Ẹ má fi ránṣẹ́ sí ẹlòmíràn tí ẹ ò bá mọ orísun rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ìyá ni ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ti ru torí ohùn ọdún méjì sẹ́yìn.

Owó ló ń dẹ́rù bà mí, kì í ṣe ẹ̀mí àìrí.

Mo gbọ́ yín. Àwa tó wà nípìnlẹ̀ yìí ní 2015 rántí bí oṣù ṣe ń parí lórí oṣù tí àwọn òṣìṣẹ́ ò rí owó gbà, tí ọlọ́jà Ìgbọ̀nà náà ò wá rí ẹni tà fún. Láti 2023 tí owó ìrànwọ́ orí epo ti kúrò, owó mọ́tò nìkan tó láti jí èèyàn lójú oorun.

Nínú Mátíù 6, Jésù ò sọ pé ọ̀la ò ní ní wàhálà. Ó ní wàhálà òní ti tó òní. Nínú aginjù, mánà ọjọ́ kan ni Ọlọ́run ń fún wọn, èyí tí wọ́n bá fi pamọ́ di ọjọ́ kejì á bu ìdin, àyàfi ti ọjọ́ ìsinmi. Ẹ gbìyànjú rẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ kan: ẹ kọ ohun tí ẹ nílò lónìí nìkan sílẹ̀, kí ẹ gbàdúrà lé e lórí, kí ẹ sì ṣe èyí tí ọwọ́ yín ká. Ẹ ṣì lè dá àjọ, èsúsú ò lòdì sí ìgbàgbọ́.

Àmọ́ ìjọ ni mo fẹ́ bá wí níbí ju ẹ̀yin lọ. Tá a bá ń wàásù "ẹ má ṣe àníyàn" fún opó tí kò ní gàrí nílé, tá a sì gbé ọwọ́ lé e lórí kó máa lọ, Jákọ́bù orí 2 ti dá wa lẹ́jọ́. Ní ìjọ tiwa, a gbé agbada kan sẹ́yìn ilé ìsìn. Ẹni tó ní á bu ìrẹsì tàbí ẹ̀wà sí i, ẹni tí kò ní á bù níbẹ̀ nígbà tí ẹnikẹ́ni ò wò ó. Mo ti rí i tí ọkàn èèyàn balẹ̀ nídìí agbada yẹn ju bó ṣe ń balẹ̀ nídìí pẹpẹ lọ.

Àyà mi máa ń lù kìkì, ọwọ́ mi á máa gbọ̀n, á dà bí pé mo fẹ́ kú. Tí mo bá lọ sí ilé ìwòsàn, ṣé mi ò ti sẹ́ ìgbàgbọ́?

Ẹ lọ. Ẹ jẹ́ kí wọ́n wo ẹ̀jẹ̀ ríru yín àti ọkàn yín ná. Bí wọn ò bá rí nǹkan kan níbẹ̀, ó lè jẹ́ pé ìpayà ló dé sí ara yín bẹ́ẹ̀. Ó wọ́pọ̀, ó sì ní ìtọ́jú. Lúùkù oníṣègùn ni. Pọ́ọ̀lù ní kí Tìmótíù lo wáìnì díẹ̀ nítorí inú rẹ̀. Àwọn onígbàgbọ́ ló dá ilé ìwòsàn Wesley Guild sílẹ̀ ní Iléṣà, àwọn Onítẹ̀bọmi ló dá ilé ìwòsàn tiwọn sílẹ̀ ní Ògbómọ̀ṣọ́ ní 1907. Mo mọ̀ pé nígbà àjàkálẹ̀ àrùn 1918, inú ẹgbẹ́ àdúrà kékeré kan ní Ìjẹ̀bú-Òde ni ìjọ aládùúrà kan ti hù jáde, àwọn bàbá míràn nínú wọn ò sì fọwọ́ kan oògùn títí ayé wọn. Mo bọ̀wọ̀ fún àdúrà wọn. Lórí oògùn, mi ò tẹ̀ lé wọn.

Ẹ wo Èlíjà nínú 1 Ọba orí 19. Ẹ̀rù Jésébẹ́lì bà á débi tó ní kí Ọlọ́run gba ẹ̀mí òun. Ọlọ́run ò bá a wí lọ́jọ́ náà. Ó jẹ́ kó sùn. Áńgẹ́lì dín àkàrà fún un lórí ẹyin iná, ó gbé omi sí i. Ó jẹ, ó mu, ó tún sùn, áńgẹ́lì tún jí i pé kó jẹun. Ẹ̀yìn gbogbo rẹ̀ ni ohùn kẹ́lẹ́ náà tó dé.

Bí dókítà bá ní kí ẹ rí oníṣègùn ọpọlọ, ẹ má jẹ́ kí orúkọ Arò dẹ́rù bà yín. Kì í ṣe ẹni tó bọ́ sí ìgboro nìkan ni wọ́n ń tọ́jú. Tó bá sì jẹ́ pé ẹ̀mí yín ti sú yín, ẹ má dúró di ọjọ́ ìsìn, ẹ sọ fún ẹni tó súnmọ́ yín lónìí, kó tẹ̀ lé yín lọ sí ilé ìwòsàn.

Mùsùlùmí ni ọkọ mi. Báwo ni mo ṣe lè máa gbàdúrà láìdá ìjà sílẹ̀?

Ìdajì ìdílé Òṣogbo tí mo mọ̀ ló rí bẹ́ẹ̀, ilé tí a bí mi sí wà lára wọn. Ẹ gbàdúrà jẹ́jẹ́, Hánà ò gbóhùn sókè, Ọlọ́run sì gbọ́. Tí ẹ̀rù bá ba òun náà, ẹ bi í pé kí lẹ lè bá a gbàdúrà lé lórí. Bàbá mi ò gba Jésù títí tó fi kú, ṣùgbọ́n nígbà àìsàn rẹ̀, èmi ló máa ń pè pé, "Ìyá, wá bá mi ka ti olùṣọ́ àgùntàn yẹn."

Aago mẹ́ta òru ni mo máa ń jí, ẹ̀rù á sì gbá mi mú. Kí ni mo lè ṣe lójú ẹsẹ̀?

Ẹ má bá oorun jà. Ẹ dìde jókòó, kí ẹsẹ̀ yín kan ilẹ̀. Ẹ mu omi. Ẹ mí sínú díẹ̀díẹ̀, kí ẹ sì tú u jáde kó pẹ́ ju bí ẹ ṣe fà á wọlé lọ, bíi ìgbà mẹ́wàá. Ẹ má tan fóònù.

Lẹ́yìn náà, ẹ pe ohun tó ń bà yín lẹ́rù ní orúkọ rẹ̀ fún Ọlọ́run. Ẹ má kàn sọ pé "gbogbo ìṣòro mi." Ẹ sọ pé: "Olúwa, owó ilé ni. Ìwú tó wà lọ́mú mi ni. Ọmọ tí kò pè láti ọjọ́ mẹ́ta ni." Fílípì 4:6 ní kí a fi ìdúpẹ́ kún un, ẹ dúpẹ́ fún ohun kan tó ṣẹlẹ̀ lánàá, bó ti wù kó kéré mọ. Inú ẹ̀wọ̀n ni Pọ́ọ̀lù ti kọ ọ̀rọ̀ yẹn, ó mọ̀ pé òru máa ń gùn.

Ẹ wá ka orin kan sókè kí etí yín gbọ́ ọ. 27, 46, tàbí 121. Orin 4 ni tèmi, nítorí ẹsẹ rẹ̀ tó kẹ́yìn sọ ti dídùbúlẹ̀ ní àlàáfíà àti sísùn. Ẹ kà á lẹ́ẹ̀mejì. Tí oorun ò bá tún dé, ẹ jókòó síbẹ̀ pẹ̀lú rẹ̀. Láìpẹ́, ẹ máa gbọ́ ìpè ládùúgbò, lẹ́yìn rẹ̀ ni igbálẹ̀ aládùúgbò yín á bẹ̀rẹ̀, lẹ́yìn náà ni ọ̀kadà tó ń gbé alátà lọ sí Ìgbọ̀nà.